Ilẹ̀ Tí Ìyá Bọ́sẹ̀ Fi Pólíìṣì Kùn

Comfort Àbẹ̀kẹ́, ìyá Bọ́sẹ̀. Ọmọ Ọbòkun. Ìjẹ̀ṣà òṣèré, onílé obì, ọmọ ẹlẹ́ní àtẹ́ẹ̀ká, ọmọ ẹlẹ́ní ẹwẹlẹ. Àbẹ̀kẹ́, sùn-ún re o.

Òun ló kọ́ mi níṣẹ́. Gbọ̀ngàn tẹníìsì kan la jọ ń tọ́jú ní Òṣogbo. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe koríko, kọnkéré ni. Wọ́n fi ọ̀dà kùn ún, ọ̀dà náà sì ní iyanrìn lẹ́búlẹ́bú nínú, kí bàtà lè rí nǹkan dì mú. Bí ẹni tó ń sáré bá dúró lójijì, bàtà á ké: fíìn! Ìyá Bọ́sẹ̀ kò fẹ́ràn igbe yẹn rárá. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ló ń nù ní Iléṣà kó tó bá ọkọ wá sí Òṣogbo. Ó máa ń ní, "Ilẹ̀ tó bá ń ké, wọn ò tọ́jú ẹ̀ ni."

Ìgbà tí wọ́n gbé ìdíje àwọn ọkùnrin tí tẹníìsì jẹ́ iṣẹ́ oúnjẹ wọn wá bá wa, inú wa dùn. Irú ẹ̀ ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa rí. Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀, mo ti ilé mi ní Alékùwodò dé, òórùn kan kí mi káàbọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Apá kan ilẹ̀ ń dán bíi dígí.

"Ìyá Bọ́sẹ̀, kí lẹ fi sílẹ̀ yìí?"

"Pólíìṣì ni. Sàlá, ṣé ẹ̀yin Mùsùlùmí kì í tún ilé ṣe de àlejò ni?"

"À ń tún un ṣe, mà. A kì í fi gbé àlejò ṣubú ni."

Ọ̀rọ̀ ò tíì tán lẹ́nu mi tí Kúnlé, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà tó wà lára àwọn tó fẹ́ díje, fi sáré wọlé. Ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ, ìdí ẹ̀ ló fi dúró. Ìyá Bọ́sẹ̀ káwọ́ lérí.

"Mo ti pa ọmọ ọlọ́mọ!"

"Mi ò kú, mà. Àmọ́ ṣé eré la wá ṣe àbí ijó?"

Ọ̀gá Adéoyè, tó ń rí sí òfin eré, wá fìka kan ilẹ̀ náà. Kò pariwo, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó ní, "Tí ilẹ̀ yìí ò bá ṣeé dúró lé kó tó di ọ̀sán, ìlú mìíràn la máa kó eré yìí lọ."

Ìyá Bọ́sẹ̀ jókòó ti ògiri. "Sàlá, wọ́n á máa sọ pé èmi ni mo lé àlejò kúrò l'Óṣogbo."

"Ẹ dìde, mà. Ẹ̀yin lẹ mọ ibi tẹ́ ẹ kùn ún dé."

Ìyá Ràfá tó ń ta mọ́ín-mọ́ín lẹ́nu géètì bá wa se omi gbígbóná. A da ọṣẹ ìfọṣọ sí i, a mú búrọ́ọ̀ṣì, a kúnlẹ̀. Bàbá Táíyé, ẹ̀ṣọ́ wa, bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó ń pọn omi. Kúnlé náà kúnlẹ̀. Mo ní kó lọ sinmi.

"Rárá o, mà. Ìdí mi ló mọ ibi tó ń yọ̀ jù."

A fọ̀ ọ́, a ṣàn án, a nù ún, a tan fáànù sí i. Nígbà tí Ọ̀gá Adéoyè padà dé, Ìyá Bọ́sẹ̀ ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ó so ìró ẹ̀ le, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà Kúnlé tó tóbi jù ú lọ, ó sáré, ó sì dúró gbọn-in.

Fíìn!

Ọ̀gá Adéoyè bẹ̀rẹ̀, ó wo ilẹ̀ náà.

"Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, Màmá."

Fíìn!

Ọ̀gá Adéoyè bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ lọ pe àwọn yòókù wá."

Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo ní, "Alhamdulillahi." Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù, bí bàtà bá ti ké, Ìyá Bọ́sẹ̀ á gún mi nígbọ̀nwọ́: "Ṣé o gbọ́?" Títí tó fi fẹ̀yìn tì, ìtàn yìí ló fi ń pa àwọn ọmọ tuntun lẹ́rìn-ín.

Kó tó kú, ó ti sọ fún Bọ́sẹ̀ pé kẹ́nikẹ́ni má fi pólíìṣì kun ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsìnkú òun. Ó ní òun sanra, kí àwọn tó máa gbé òun rí ibi tẹ̀.

Wọn ò kùn ún. Bí wọ́n ṣe gbé pósí wọlé, bàtà wọn ń ké lórí ilẹ̀. Bọ́sẹ̀ wojú mi. Mo mi orí sí i pé mo gbọ́.

Ọjọ́ Ẹtì ni. A sin ín sí Iléṣà lọ́sàn-án ọjọ́ náà.