Orogún Ìyá Mi àti Tòlótòló Kátíkíìsì

Akínlabí ni ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́ mi jẹ láyé yìí. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ọmọ ìyá mi ni, ọmú kan náà la jọ mu. Mo dárúkọ rẹ̀ síbí láìfi "Bọ̀dá" ṣáájú, mo sì mọ ohun tí mò ń ṣe. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà yóò mọ̀ pé ìyẹn nìkan ti tó mi gbádùn fún odindi ọ̀sẹ̀.

Mo kéré nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé garawa omi ìdajì ni, Bàbá wa sì ń ṣiṣẹ́ aṣọ́gbó fún ìjọba ní Ìkirè. Ọ̀gá rẹ̀, òyìnbó kan tí ara rẹ̀ máa ń pọ́n bí edé, fún un ní ìbọn ìléwọ́ kan nígbà tó ń padà sí ìlú rẹ̀, ó sì bá a gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Ìbọn kékeré dúdú ni, ó ní ibi róbótó kan láàárín tí ọta ń gbé. Èèkù rẹ̀ ti fọ́ kó tó dé ọwọ́ Bàbá, ni Bàbá bá ní kí agbẹ́gilére kan fi ìwo ẹfọ̀n gbẹ́ òmíràn. Mi ò rí i kó yìn ín sí ohunkóhun rí. Olè kì í wá sílé wa. Kí ni wọn ì bá wá jí? Síbẹ̀, bí Bàbá ṣe ń kẹ́ ìbọn yẹn, kò kẹ́ ìyá wa bẹ́ẹ̀. Aṣọ àrán ló fi ń wé e, inú àpótí aṣọ rẹ̀ ló sì ń gbé e sí. Ìyá wa kì í pè é ní ìbọn, "orogún mi" ló ń pè é. Bó bá ń gbé oúnjẹ Bàbá bọ̀ lárọ̀ọ́ Sátidé, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ṣé orogún mi ti wẹ̀ tán, àbí kí n gbé ẹ̀kọ yìí padà?"

Sátidé ni ọjọ́ ìwẹ̀ rẹ̀, èmi ni Bàbá sì máa ń pè. Á kọ́kọ́ tú gbogbo ọta dà sínú agolo mílíìkì, á gbé agolo náà jìnnà sí wa. Èmi ni mò ń di àkísà mú, èmi ni mò ń kán epo ìbọn sí i, epo pupa fẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń rùn bí ìdí ẹ́ńjìnnì. Bí àgbá ìbọn, ihò gígùn tí ọta ń gbà jáde, bá ti mọ́, Bàbá á gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, á ní kí n wo inú rẹ̀.

"Kí lo rí?"

"Mo rí ẹ̀yin, sà."

Á rẹ́rìn-ín títí, bí ẹni pé mi ò sọ ọ́ rí. Lẹ́yìn náà, a ó jọ jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà nínú abọ́ kan náà pẹ̀lú epo lọ́wọ́. Àkàrà á máa rùn bí mọ́tò. Láti ìgbà náà, mi ò tíì jẹ àkàrà tó dùn tó o. Akínlabí á fara ti ilẹ̀kùn, á máa wò wá. Bàbá kì í pè é. Ó ní ọwọ́ rẹ̀ wúwo, kò sí ohun tó mú tí kì í jábọ́.

Sátidé kan, Bàbá lọ sí ìpàdé ìjọ lọ́sàn-án. Mo wà nídìí ọlọ tí mò ń lọ ata, ni mo gbọ́ "gbòà!" lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí mo sáré débẹ̀, tòlótòló Bàbá Kátíkíìsì, olùkọ́ ìjọ wa tó múlé tì wá, tí wọ́n ń sìn de Kérésìmesì, ló na ẹsẹ̀ sókè nílẹ̀. Akínlabí sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi, ó ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ bó ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni fẹ́ bó awọ kúrò. Ó wò mí. Mo wò ó.

Bàbá dé. Ó ní kí gbogbo ọmọ ilé tò, kí a na ọwọ́, ó sì ń gbóòórùn ọwọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan bí ajá ọdẹ. Ẹ ti mọ ohun tó gbọ́ ní tèmi. Epo ìbọn àárọ̀ ṣì wà níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì fi í síbẹ̀! Ọwọ́ Akínlabí ń ta sánsán ọsàn wẹ́wẹ́. Ọmọkùnrin wo ló ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọwọ́ lọ́sàn-án Sátidé láìdẹ́ṣẹ̀? Ṣùgbọ́n Bàbá ò béèrè. Akínlabí tilẹ̀ tún da ojú délẹ̀, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti jẹ́ kí èmi fọwọ́ kàn án rí ni?"

Kí n sọ pé irọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ń pa? Nílé tiwa, ìgbátí ni ọ̀rọ̀ yẹn máa bá pàdé kó tó jáde lẹ́nu. Wọ́n nà mí, wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ kí n nawọ́ sókè, kí n kọjú sí òkú tòlótòló bí ẹni pé mo fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Kátíkíìsì, ẹni Ọlọ́run, gbé itan méjèèjì lọ, ó fi ìyókù sílẹ̀ fún wa. Èmi tí wọ́n ní mo pa á, ọrùn ni wọ́n bù fún mi.

Pàṣán kọ́ ló dùn mí. Sátidé tó tẹ̀ lé e ni. Mo ti fọwọ́, mo ti mú àkísà, mo jókòó. Bàbá ò pè mí. Ó sọ fún ìyá mi pé, "Ẹ̀bi mi ni. Kí ni obìnrin ń wá nídìí ìbọn?" Akínlabí ló pè. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn gan-an ló sọ ìdè kan, irin kékeré tó di ìbọn náà pọ̀, nù sínú ihò ilẹ̀. Bàbá wé ìbọn náà sínú àrán, kò sì tú u mọ́. Ó ti dípẹtà nígbà tí Bàbá kú, tí a ní láti fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ bí òfin ṣe wí. Ọlọ́pàá gbà kí Akínlabí tú èèkù rẹ̀ mú.

Èèkù náà ló gbé wá sí Hamburg ní Jámánì, níbi tó ti ṣiṣẹ́ ní èbúté títí ó fi fẹ̀yìn tì. Inú àpótí onígíláàsì ló wà, lórí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ní Veddel, àdúgbò tó ń gbé níbẹ̀. Èmi ṣe tíṣà, mo fẹ̀yìn tì, mo sì wá bá ọmọbìnrin mi ní Berlin, ní Spandau. Ẹ ó rò pé ilẹ̀ tó wà láàárín wa tó. Kò tó. Bí wọ́n bá ti ń sọmọ lórúkọ ní ìjọ wọn, Akínlabí á dìde nínú aṣọ funfun, á na èèkù sókè, á máa ròyìn bí Bàbá ṣe máa ń jókòó tì í ní Sátidé, Sátidé tèmi! Á wá fi ti àbúrò rẹ̀ tó yìnbọn pa tòlótòló parí rẹ̀. Ìjọ á rẹ́rìn-ín títí fìlà á fi ṣí. Àwọn ọmọ ibẹ̀ kì í pè mí ní nǹkan mìíràn ju Oma Tòlótòló lọ, ìyẹn Ìyá Àgbà Tòlótòló.

Lọ́dún tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù àgbáyé ní Jámánì, bàbá Jámánì tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa pè mí fún kọfí. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù onírin, ó mú ìbọn ìléwọ́ baba ńlá rẹ̀ jáde kí n wò ó. Ìyàwó rẹ̀ yọ ṣùtì, ó jáde. Ojú ìyá mi gan-an ló fi jáde. Bàbá náà ṣí ìgò epo. Òórùn yẹn gbá mi nímú, ni mo bá bú sẹ́kún. Ó rò pé ẹ̀rù ìbọn ló bà mí, ó sáré tì í mọ́lé. Mo wá ro gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún ọmọ-ọmọ mi tó ń túmọ̀ fún wa. Ó la ẹnu sílẹ̀, ó ní, "Aber Oma, wo war denn der Beweis?" Ó ní, níbo ni ẹ̀rí wà?

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo ra ọsàn wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ ará Tọ́kì tó wà létí ibùdókọ̀ Spandau, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Hamburg. Mo fẹ́ kí Akínlabí fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ kí ọ̀kan nínú wa tó kú. Mo bá a tó ń mu tíì pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, torí ẹ̀gbọ́n ni, eékún mi sì ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Mo gé ọsàn náà sí méjì, mo gbé e síwájú rẹ̀.

"Opa, was ist das?" ni èyí àbúrò béèrè, ó ní, Bàbá àgbà, kí nìyí?

Ó lé àwọn ọmọ lọ sí yàrá. Ó wo ọsàn, ó wo èèkù. Mo ń rò ó nínú ara mi bí ayé ṣe yí. Láyé tiwa, òórùn ọwọ́ nìkan tó láti dá ọmọ lẹ́bi, ìbọn sì wà nínú àpótí aṣọ níbi tí ọ̀bọ ọmọ lè ti mú un. Lónìí, inú irin ni wọ́n ń ti ìbọn mọ́, bí o bá sì na ọmọ, yóò bi ọ́ ní ẹ̀rí. Ayé ìsinsìnyí kò láàkàrà tó dùn, ṣùgbọ́n ì bá gbà mí lọ́wọ́ pàṣán.

Ẹ̀gbọ́n mi mú ìlàjì ọsàn náà, ó fún un sínú tíì rẹ̀, ó mu ún. Ó wá ní, "Títí àbúrò mi, gbogbo Sátidé Bàbá, ìwọ lo ni ín. Tòlótòló kan ṣoṣo ni mo fi gbà á lọ́wọ́ rẹ, nígbà tó sì dé ọwọ́ mi, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe."