Aṣọ Tí Àǹtí Lọ̀

Àbúrò ìyá mi kì í gbà kí a sin ẹnikẹ́ni nínú aṣọ tó rún. Télọ̀ ni wọ́n, ní Yaba, lẹ́yìn ọjà Tejúoṣó. Bí ẹnìkan nínú ìjọ wa bá kú, ṣọ́ọ̀bù wọn ni a máa ń gbé aṣọ òkú lọ. Wọ́n á ti iṣẹ́ oníbàárà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á gbé áyọ́ọ̀nù, orin á bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ní kí wọ́n ṣe kíá, wọ́n á ní, "Ẹni tó máa jí la fẹ́ wọṣọ fún o."

Lọ́jọ́ ìsìnkú ìyá mi, bọ́tìnì ọwọ́ gáùn funfun wọn kan ti já. Àǹtí ń tú agolo bọ́tìnì wò, wọ́n ń wá irú ẹ̀. Inú bí mi.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ń dúró dè wá ní mọ́ṣúárì. Ta ló máa rí bọ́tìnì?"

Wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n jí láàárọ̀ àjíǹde, kí wọ́n máa wá bọ́tìnì kiri?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi nínú ẹkún. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àyà mi fúyẹ́.

Nígbà tó kan Àǹtí fúnra wọn, èmi ni mo gbé áyọ́ọ̀nù. Orin wọn náà ni mò ń kọ. Ó ku kí n ká aṣọ ìsìnkú wọn ni mo rí i pé ó ti ń tú lábíyá, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni ò lè tó. Mo jókòó, mo mú abẹ́rẹ́. Mo mọ Àǹtí. Tí wọ́n bá jí tí wọ́n bá a bẹ́ẹ̀, èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá.