Àwọn Obìnrin Tó Ń Wó Ògiri

Mi ò mọ orúkọ gbogbo wọn, ojú ni mo fi mọ̀ wọ́n. Ọ̀kan wà tó máa ń fi pẹ́ńsù há etí, tí ìgbànú rẹ̀ kún fún ìṣó àti tépù. Òmíràn ga, ó tínrín, ohùn rẹ̀ kì í sì í lọ sókè bó ti wù kí ọ̀rọ̀ le tó. Orí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n wà, wọ́n ń tún ilé onílé ṣe. Àpápá ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ọ́fíìsì àwọn tó ń bá oníbàárà gba ẹrù jáde ní èbúté. Tí mo bá ti gba àárín tírélà kọjá délé, tí mo fọ eruku ojú mi, ẹ̀gbẹ́ ìyá mi ni mo máa jókòó sí, a ó jọ máa wò wọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù kì í ṣe ilé tó ń dán ní ìparí. Ìbẹ̀rẹ̀ ni. Obìnrin náà á wọlé, á wo ògiri látòkè délẹ̀, á na ìka sí i pé eléyìí ń lọ. Àwọn ọkùnrin tó gbé òòlù á ní ó dáa. Ní ọ́fíìsì tiwa, tí mo bá sọ pé ìwé kọ̀ǹténà kan ò tíì pé, àwọn oníbàárà á kọ́kọ́ wo ojú ọkùnrin tó jókòó tì mí kí wọ́n tó gbà. Ó máa ń bí mi nínú gan-an. Ìdí nìyẹn tí ara mi fi máa ń yá tí mo bá rí obìnrin tó pàṣẹ, tí ògiri sì wó. Ìyá mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní mò ń wò wọ́n bí ọmọ tó ń wo ẹran nínú ìkòkò.

Àjégúnlẹ̀ ni ilé wa wà. Bàbá mi ló kọ́ ọ, ìyàwó méjì ló sì fi sílẹ̀ sínú rẹ̀. Ìyá mi ni ìyáálé. Nígbà tí bàbá kú, ẹbí pín ilé náà ní ìdí-igi, apá kan fún àwa ọmọ ìyáálé, apá kejì fún àwọn ọmọ ìyàwó. Wọ́n wá fi búlọ́ọ̀kù mọ ògiri dí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó gba àárín ilé kọjá, kí kálukú mọ ibi tí tirẹ̀ mọ. Balùwẹ̀ inú ilé bọ́ sí apá tiwọn. Tiwa wà lẹ́yìnkùlé, kò sì ni wá lára nígbà tí ẹsẹ̀ ìyá mi ṣì le. Ṣùgbọ́n omi òjò máa ń ya wọlé ládùúgbò wa, ọdọọdún la sì ń da yanrìn sí àgbàlá, títí ilẹ̀ ìta fi ga ju ti inú ilé lọ. Àtẹ̀gùn la ń gùn ká tó wẹ̀. Lẹ́yìn tí rọpárọsẹ̀ mú ìyá mi lápá òsì, ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Dókítà kìlọ̀ fún wa pé tó bá tún ṣubú, ó lè má dìde mọ́. A ò sì lè kọ́ balùwẹ̀ mìíràn sí apá tiwa, torí tí a bá gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ báyìí, omi ni ń sun.

Àwọn obìnrin orí tẹlifíṣọ̀n kì í fọwọ́ kan nǹkan kan láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ bi onílé pé kí ló fẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo pa tẹlifíṣọ̀n, mo bi ìyá mi. Mo rò pé ó máa ní ká kun yàrá òun ní ọ̀dà ni.

"Mo fẹ́ máa dá wẹ̀," ló wí. "Ó ti sú mi kí wọ́n máa wẹ̀ mí nínú báàfù bí ọmọ ọwọ́."

Mo lọ bá àbúrò bàbá mi tó jẹ́ olórí ẹbí, mo ní ká yọ ojú ilẹ̀kùn sí ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, kí ìyá mi lè máa gba ibẹ̀ lọ sí balùwẹ̀. Ó ní ẹbí gbọ́dọ̀ pàdé. Ẹbí pàdé, wọ́n jẹ obì, wọ́n mu ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n sì dá ìpàdé mìíràn. Olórí ẹbí kàn ń tẹnu mọ́ ọn pé bí a bá ní ká bẹ́ igi, a ó bẹ́ èèyàn. Láti ìgbà tí mo ti ń wo àwọn obìnrin mi lórí tẹlifíṣọ̀n, mi ò rí ibi tí olórí ẹbí ti jókòó rí. Tọkọtaya á sọ ohun tí wọ́n fẹ́, òòlù á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó tán.

Ẹni tó takú jù ni àkọ́bí ìyàwó kejì bàbá mi. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n òun ni dáwódù, ọkùnrin àkọ́kọ́ tí bàbá wa bí. Kì í ṣe ìkà èèyàn. Ẹ̀rù ló ń bà á pé tí ilẹ̀kùn bá ti ṣí, lọ́la àwọn ọmọ wa á ní àwọn ló ni balùwẹ̀, ilé tí ẹbí ti pín á sì di ti ẹjọ́. Mo mọ̀ pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní òpópónà wa. Síbẹ̀ inú ń bí mi sí i.

Nígbà tó di ọjọ́ kan, ìyá mi ní òun máa lọ dá wẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tún yọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ọlọ́run ló ní kí n di aṣọ rẹ̀ mú. Mi ò dúró de ìpàdé kankan mọ́. Lọ́jọ́ Sátidé mo pe bíríkìlà. Mo ní kó kọ́kọ́ gé ibi tí líntẹ̀lì tó máa gbé ògiri òkè ilẹ̀kùn ró máa jókòó sí, kó fi igi ti òkè, kó tó yọ búlọ́ọ̀kù ìsàlẹ̀. Ó fi Píjìn bi mí pé ta ló kọ́ mi níṣẹ́. Mo ní àwọn ọ̀rẹ́ mi obìnrin kan ni.

Ó lu ògiri, ihò kékeré kan ṣí. Ibẹ̀ ni ohùn dáwódù ti wọlé wá bá wa.

"Àǹtí mi, ẹ káàárọ̀ o. Èmi ni mo fẹ̀yìn ti ògiri yìí. Ẹ ní kí wọ́n máa lù ú lọ."

Bíríkìlà gbé òòlù sílẹ̀, ó ní òun ò bá ẹnikẹ́ni pààyàn. Èmi ni mo gbé e. Ó wúwo ju bó ṣe rí lójú tẹlifíṣọ̀n lọ. Mò ń gbọ́ bí ọmọ bàbá mi ṣe ń mí lódìkejì, mo sì gbé òòlù náà sókè, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Mò ń wá ohùn jẹ́jẹ́ obìnrin tó ga yẹn lọ́fun mi. Èébú nìkan ló wà níbẹ̀.

Ìyá mi ló sọ̀rọ̀, láti orí àga tí mo gbé e sí lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kì í já geere lẹ́nu rẹ̀ mọ́ láti ìgbà àìsàn náà, gbogbo wa la dákẹ́ ká lè gbọ́ ọ.

"Èmi ni mo wẹ̀ ọ́ nígbà tí wọ́n bí ọ. Ìyá rẹ ò tíì lè dìde. Èmi ni mo tẹ́ ọ sí itan, mo fi àdí pa ọ́ lára. Ibi tí màá ti wẹ̀ ni mò ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ."

Nígbà tó ṣe, mo gbọ́ tí ẹ̀yìn dáwódù kúrò lára ògiri.

Ó gba iwájú ilé yí wá, òun àti olórí ẹbí tó ti fi fóònù pè. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá mi. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi, ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n kí n ṣèlérí lójú olórí ẹbí pé lọ́jọ́ tí Màmá ò bá nílò ilẹ̀kùn náà mọ́, a máa dí i padà. Kò sí ẹni tí kò mọ ọjọ́ tó ń sọ. Ojú tì mí fún un, inú bí mi, mo sì la ẹnu láti bú u. Ìyá mi gbé ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì le sókè.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí. "Ẹ ra búlọ́ọ̀kù tí ẹ máa fi dí i báyìí, kí ẹ tò ó síbẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹ jà lọ́jọ́ òkú mi lórí ẹni tó máa rà á."

Báyìí, ilẹ̀kùn náà ti wà. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kan irin ìdìmú mọ́ ògiri balùwẹ̀, bí mo ṣe rí i tí àwọn obìnrin yẹn ń ṣe é. Ìyá mi ń dá wẹ̀. Tí ó bá ti wọlé, ó máa ti ilẹ̀kùn mọ́rí, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ lé òun. Mo ṣì ń wo àwọn obìnrin mi, mo ṣì fẹ́ràn wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí èyí tó sọ fún mi pé èèyàn lè to búlọ́ọ̀kù tó máa fi dí ilẹ̀kùn sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ọ̀hún. Ọ̀nà láti balùwẹ̀ dé yàrá jìn fún un, kò sì lè rìn ín tán láìsinmi. Orí àwọn búlọ́ọ̀kù yẹn ló ń jókòó sí. Á mí, omi á máa kán lára rẹ̀ sórí wọn, á ní kí n yé wo òun bẹ́ẹ̀, pé bí wọ́n ṣe ga yẹn bá òun mu, wọ́n sì tutù dáadáa.