Ìgbà Tí Bọ̀dá Àyìndé Ń Kọ́ṣẹ́ Agbọ̀n

Òórùn imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n rẹ sínú omi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí Màmá wa fa Bọ̀dá Àyìndé lé Bàbá Ṣàngódélé lọ́wọ́. Ó dà bí òórùn ewé tó ń jẹrà, síbẹ̀ ó tún fẹ́ dùn. Àtíbàbà bàbá náà wà létí ọ̀nà tó lọ sí Sekona, agbọ̀n obì ni wọ́n ń hun níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Bọ̀dá, èmi jẹ́ mẹ́wàá. Orí rẹ̀ kì í tètè gba nǹkan. Bí a bá rán an níyọ̀, á dé ìdí ọgbà, á dúró, á máa wo ewúrẹ́. Kò dá jáde kúrò ládùúgbò wa rí. Màmá kì í jẹ́ kó fọwọ́ kan ọ̀bẹ, èmi àbúrò rẹ̀ ni mò ń bá a gé iṣu. Bàbá wa ti kú, Màmá sì máa ń sọ ọ́ lójú wa pé, "Bí mo bá kú lónìí, kí ni Àyìndé yóò máa jẹ?"

Kò sí ọ̀gá tó gbà á. Ọlálérè télọ̀ ní ẹ̀rọ òun á gún un lọ́wọ́. Jọ̀ọ́nú káfíńtà kàn rẹ́rìn-ín ni. Bàbá Ṣàngódélé nìkan ló di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n ní, "Ẹ fi í sílẹ̀." Lọ́fẹ̀ẹ́ ni o. Ibẹ̀ gan-an ni ìfura ti bẹ̀rẹ̀. Ará ìlú Ara ni bàbá yìí, ìlẹ̀kẹ̀ pupa àti funfun wà lọ́rùn wọn, wọn kì í ṣe onígbàgbọ́ bíi tiwa. Ìyá Fẹ́mi, tó máa ń jókòó ti Màmá ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò jẹ́ kí Màmá sinmi.

"Ìyá Àyìndé, ẹ mà lajú yín o. Ta ní ń gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lásán? Ọmọ tí ò lè ròyìn ohun tí wọ́n bá fi í ṣe?"

Màmá ní, "Ẹ ṣé, mo gbọ́." Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, wọ́n pè mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Rónkẹ́, ojú là ń rí, ọ̀rẹ́ ò dénú. Ìwọ ni wàá máa gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún un. Ohun tí o bá rí, wá sọ ọ́."

Bí mo ṣe di amí nìyẹn. Bí a bá ti jáde nílé-ìwé, ẹ̀yìn igi dóńgóyárò ni mo ti máa ń kọ́kọ́ dúró. Mo ka iye ìgbà tí Bọ̀dá pọnmi. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ojú pàṣán wà níbẹ̀. N kò rí nǹkan kan, ìyẹn sì ń bí mi nínú, torí pé Màmá ń bèèrè lójoojúmọ́, èmi náà sì fẹ́ ní ìròyìn.

Ọjọ́ kan ni mo wá rí i. Bọ̀dá ti hun agbọ̀n dé ọrùn. Bàbá Ṣàngódélé gbà á, wọ́n yí i po, wọ́n sì tú u palẹ̀ pátápátá. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Lọ́jọ́ kẹta, bákan náà. Irú ìkà wo nìyí? Àwọn ọmọọṣẹ́ yòókù ń lọ síwájú, tiwa ń padà sẹ́yìn. Mo ní wọn ò fẹ́ kó mọṣẹ́ ni, kó lè máa pọnmi fún wọn títí ayé.

Mo sọ fún Màmá. Bí mo ṣe rí i pé ojú wọn ń pọ́n, mo fi kún un: "Wọ́n tún nà án." Irọ́ ni. Wọn kò nà án rí.

Màmá kò jà. Wọ́n kàn lọ mú Bọ̀dá wálé, wọ́n ní ara rẹ̀ ò yá. Bàbá Ṣàngódélé ní, "Ó mà ku díẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ gbà á, Ìyá Àyìndé." Màmá fa Bọ̀dá lọ́wọ́, wọ́n ń lọ.

Lọ́jọ́ kẹrin tó ti wà nílé, a jí, a ò rí Bọ̀dá. Ariwo ta. Àwọn kan ń yọjú wo kànga, àwọn kan sáré lọ sétí odò Ọ̀ṣun. Ìyá Fẹ́mi káwọ́ lérí: "Ṣé mi ò sọ? Ẹ lọ bi ará Ara yẹn!" Màmá gba ọ̀jà mọ́dìí, a sáré gba ọ̀nà Sekona lọ. Mò ń sunkún, torí mo mọ irọ́ tí mo pa.

Ọ̀gá ò tíì dé àtíbàbà. Bọ̀dá nìkan ló jókòó sórí àpótí. Òun nìkan ló dá rìn débẹ̀. Agbọ̀n wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń tú u.

"Àyìndé! Ta ló ní kí o wá síbí?"

"Iṣẹ́ ni."

"Ta ló ní kí o tú u?"

Kò gbójú sókè. "Kò gún. Ẹ wò ó." Ó fi ìka hàn wá ibi tó ti wọ́. Èmi tí mo ń lọ ilé-ìwé, n kì bá tí rí i.

Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni Bàbá Ṣàngódélé bá wa. Wọ́n ní, "Ẹnu ò lè kọ́ eléyìí níṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbọ́. Bí mo bá tú u, ọwọ́ á tún rántí."

"Wọ́n ní ẹ ń nà án," ni Màmá wí.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Màmá wò mí. Mo wo ilẹ̀. Màmá ní, "Ẹnu ayé ni, bàbá."

Ọdún mẹ́ta ni Bọ̀dá tún lò kó tó ṣe fríìdọ̀mù. Ó dọ̀bálẹ̀, bàbá ṣàdúrà fún un, wọ́n sì fi ọ̀bẹ lé e lọ́wọ́ níwájú gbogbo wa. Màmá di àga mú, ṣùgbọ́n wọn ò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ agbọ̀n yẹn ló fi bọ́ ara rẹ̀ títí ó fi hewú.

Oṣù tó kọjá ni Bọ̀dá Àyìndé kú. Màmá ti lọ, Bàbá Ṣàngódélé ti lọ, n kò sì jẹ́wọ́ irọ́ yẹn fún ẹnì kankan nínú wọn. Lẹ́yìn ìsìnkú, Tinúkẹ́, ọmọ Bàbá Ṣàngódélé, gun ọ̀kadà láti Ara wá kí mi, ó gbé abọ́ mọ́ínmọ́ín dání. Ó sunkún, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n tèmi náà ni wọ́n." Mo dúpẹ́, mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí mo jẹ́ nígbà yẹn sunkún lójú ọ̀nà, torí ó mọ̀ pé òun ló ṣẹ̀. Èmi ìyá arúgbó yìí ò sunkún. Mo ṣí abọ́ náà, mo já díẹ̀ sílẹ̀ fún adìẹ, mo sì dúró wò ó títí bóyá yóò ṣubú, kí n tó fẹnu kan mọ́ínmọ́ín náà.