Koríko Fún Ẹmọ́ Òyìnbó Bàbá Mi

Títí di òní, bí mo bá ti gbóòórùn koríko tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ, àgbàlá ilé wa ní Ìwó ni ọkàn mi máa ń lọ. Aáfà ni bàbá mi, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú, ṣùgbọ́n ẹmọ́ òyìnbó, ẹran bí òkété tí kò nírù, ni wọ́n fi ń ṣeré. Inú ilé onípákó kan lẹ́yìnkùlé ni àwọn ẹranko kéékèèké náà ń gbé. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ̀kadà bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà, igbe á sọ, nítorí bàbá kì í ti oko ọ̀nà Kuta dé láìdi koríko tí wọ́n ti sá gbẹ bọ̀.

Nígbà tí bàbá mi kú, ìyá mi wọlé opó. Wọn ò gbọdọ̀ jáde, wọn ò sì fẹ́ jẹun. Gbogbo ọ̀kadà tó bá kọjá ni àwọn ẹmọ́ náà ń ké sí.

"Bàbá yín ni wọ́n ń retí," ni ìyá mi wí, omi sì lé ròrò lójú wọn.

Ẹ̀rù bà mí, kí n má parọ́. Bí ọ̀kan nínú àwọn ẹran yẹn bá lọ kú, ọ̀fọ̀ méjì ló máa di lójú ìyá mi. Koríko gbígbẹ inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà ní Òṣogbo dára, àmọ́ owó oṣù mi ò ká a. Mo gé ti ẹ̀gbẹ́ títì. Ìyá mi gbé e sí imú lórí ẹní wọn: "Dà á nù, wọ́n ti fín oògùn sí i." Mo lọ kó ewé ẹ̀pà gbígbẹ tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ àwọn tó ta àgbò Iléyá. Ìyá mi tún gbóòórùn ìyẹn. "Òjò ti pa á, ó ti ń bu. Ikùn àgbò lè gbà á, tàwọn wọ̀nyí ò ní gbà á." Ọ̀rẹ́, inú fẹ́ bí mi! Ẹni tí kò fi ọbẹ̀ kan ẹnu láti àárọ̀ wá ń ṣa koríko bí ẹni ń ṣa ìrẹsì.

Oko bàbá mi ni mo wá gbà lọ, mo gé eèsún tí kò tíì gbó. Kò sí ibi tí a lè sá a sí ju ẹní ńlá tí àwọn tó ń wá kí wa ń jókòó lé, tí ẹsẹ̀ wọn sì ti ń dín kù. Mo ń ṣiyèméjì láti ká ẹní ọ̀fọ̀, ìyá mi ló ní kí n tẹ́ ẹ sí àgbàlá. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jókòó tì í, tí wọ́n ń fọwọ́ yí i padà bí ẹni ń sá èlùbọ́. Nígbà tó gbẹ, wọ́n gbé ẹ̀kúnwọ́ kan sí imú, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

"Òórùn ara bàbá yín nìyí bí wọ́n bá ti oko dé."

Wọ́n sunkún dáadáa. Wọ́n kó o fún àwọn ẹmọ́, wọ́n ń wò títí àwọn ẹran náà fi jẹ ẹ́, ìyá mi wá kọjú sí mi: "Kí lo sè?"

Láti ìgbà náà, bí mo bá lọ kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, n kì í sọ pé kó gbé e kúrò lọ́kàn. Ohun tí olóògbé fi sílẹ̀ tó ṣì ń fẹ́ jẹun ni mo máa ń wò, n ó sì béèrè ibi tí wọ́n ti ń gé koríko rẹ̀.