Ọjọ́ Tí Dókítà Obìnrin Wọ Ilé Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin ní Ìjẹ̀bú-Òde, iṣẹ́ tí a mọ̀ pé obìnrin tó kàwé lè ṣe kò pọ̀: kó di olùkọ́, kó di nọ́ọ̀sì, tàbí kó máa tẹ̀wé ní ọ́fíìsì. Ní tèmi, ti olùkọ́ gan-an kò sí nínú ètò. Ìyá mi ń ta aṣọ lọ́jà, bàbá mi sì ń ta pákó, Alhaji tí gbogbo àdúgbò ń bọ̀wọ̀ fún ni wọ́n. Wọ́n ti sọ ọ́ pé bí mo bá ti parí kíláàsì kẹta nílé ìwé girama, kí n wá jókòó ti ìyá mi ní ìsọ̀ títí ọkọ yóò fi dé. N kò bínú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, n kò sì mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ilé ìwé wa kó wa jọ sí gbọ̀ngàn, wọ́n ní àwọn obìnrin kan ń bọ̀ wá bá wa sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí a lè ṣe lọ́jọ́ iwájú. A rò pé àwọn ìyá àgbà tó máa ń wá gbà wá níyànjú ni. Àfi bí mọ́tò kan ṣe yà wọlé, tí a rí i pé obìnrin ló ń wà á. Gbogbo wa ya lọ sójú fèrèsé. Lọ́yà kan sọ̀ kalẹ̀, ẹnjiníà kan tó ń ṣe afárá sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó wa mọ́tò náà sì ni dókítà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ò lè mọ bó ṣe rí lára wa. Lọ́yà sọ bí kóòtù ṣe máa ń pa rọ́rọ́ tí àwọn bá dìde níwájú adájọ́. Ẹnjiníà fi ṣọ́ọ̀kì ya afárá sára pátákó, wọ́n fi hàn wá pé ìṣirò tí à ń sá fún yìí ló gbé ọkọ̀ akẹ́rù dúró lórí omi. Mo la ẹnu sílẹ̀, n kò rántí pa á dé.

Ṣùgbọ́n dókítà ló gbà mí lọ́kàn jù. Èdè Ìjẹ̀bú gidi ni wọ́n fi kí wa. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni wọ́n, ilà sì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn bíi ti ìyá bàbá mi. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé irú ojú bẹ́ẹ̀ lè wọ ẹ̀wù dókítà. Wọ́n mú ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà aláìsàn, wọ́n fi sí mi létí, wọ́n gbé orí rẹ̀ lé àyà ọ̀rẹ́ mi tó jókòó tì mí. Mo gbọ́ ọkàn rẹ̀, kì, kì, kì, bí ẹni ń gúnyán nílé kejì. Ọmọ tí a jọ ń jà lórí bẹ́ǹṣì láràárọ̀ ni o, irú iṣẹ́ Ọlọ́run báyìí sì wà nínú rẹ̀. Omi bọ́ lójú mi.

Dókítà bi mí pé kí ló ṣe mí.

Mo ní, "Iṣẹ́ yìí ló wù mí, mà, ṣùgbọ́n mo máa kúrò nílé ìwé tí a bá ti parí táàmù yìí."

Wọ́n kàn béèrè ọ̀nà ilé wa.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mọ́tò yẹn dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Bàbá mi ń jẹ ìkọ́kọrẹ́ lọ́wọ́. Dókítà kúnlẹ̀ kí wọn lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n sì sọ ohun tó gbé wọn wá. Bàbá mi gbọ́ ọ dópin.

Wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n obìnrin tó bá kàwé tó bẹ́ẹ̀, ta ni yóò fẹ́ ẹ? Ẹ̀sìn wa náà ńkọ́? Mi ò fẹ́ kó sọnù mọ́ mi lọ́wọ́."

Dókítà ní, "Ilé ọkọ ni mo ti wá, Bàbá, mo sì ti bímọ. Alhaji ni bàbá tó bí èmi náà. Tí ẹ bá lè fún mi lómi àlùwàlá, màá kírun níbí kí n tó máa lọ, àkókò ti tó."

Ìyá mi bu omi fún wọn. Orí ẹní bàbá mi ni dókítà ti kírun. Nígbà tí wọ́n lọ tán, bàbá mi kò padà sídìí oúnjẹ.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n tó pè mí. "Máa bá ìwé rẹ lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ pé o fi ìrun sílẹ̀, pákó lo máa bá mi tà." Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

N kò di dókítà o, ẹ̀jẹ̀ ń bà mí lẹ́rù. Iṣẹ́ apòògùn òyìnbó ni mo kọ́, mo sì ṣe é títí mo fi fẹ̀yìn tì. Kí bàbá mi tó jáde láyé, wọn kì í fi oògùn kankan sẹ́nu tí n kò bá tíì yẹ̀ ẹ́ wò.

Ayé ti yí. Lónìí, èmi àti àwọn obìnrin bíi tèmi ló ń lọ bá àwọn ọmọbìnrin sọ̀rọ̀ nílé ìwé, ní Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ibefun. Ẹnikẹ́ni kì í sáré lọ sójú fèrèsé mọ́ nítorí pé obìnrin ń wa mọ́tò. Òmíràn nínú iṣẹ́ tí àwọn ọmọ náà ń dárúkọ, èmi ni mo máa ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Láìpẹ́ yìí, ọmọ kan dìde, ó béèrè ẹ̀kọ́ tó yẹ kí òun mú kí òun lè di ẹnjiníà. Mo ní ta ló sọ fún un nípa iṣẹ́ náà. Ó ní, "Bàbá mi ni, mà. Àwọn ló ní kí n bi yín."

Nígbà tèmi, àjèjì ló wá bẹ bàbá mi. Bàbá ọmọ yìí ti ń dúró lẹ́nu géètì lórí ọ̀kadà nígbà tí mo jáde. Ó kí mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ sọ fún un? Mo fẹ́ fetí ara mi gbọ́ ọ." Ó pa ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà rẹ̀, mo sì tún gbogbo rẹ̀ sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀.