Ọjọ́ Tí A Fi Bíírò Pupa Máàkì Fọ́ọ̀mù Ìjọba

Àrùn tó ti gbogbo ilé-ìwé pa ní Èkó ti kásẹ̀ nílẹ̀ tó bí ọdún méjì nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́, ẹ ò ní gbàgbé àkókò náà: iṣẹ́ ilé-ìwé ti bọ́ sórí fóònù, ọmọ tí kò ní dáta kò sì yàtọ̀ sí ọmọ tí kò wá sí kíláàsì. Ní ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀kan nínú yín dìde, ó ní, "Màmá Ṣadé, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ fún ìjọba ní mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bá yín rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ẹ̀rín náà korò lẹ́nu mi, nítorí ìtàn náà ní ẹ̀yìn kan tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò mọ̀. Èmi fúnra mi ni mo máa ń gé e kúrò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán lónìí.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ní Àgùdà, mo sì ṣe akọ̀wé ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa fún mẹ́sàn-án nínú rẹ̀. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, ilé-ìkàwé kékeré kan ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ni wọ́n fà lé mi lọ́wọ́: yàrá méjì, ìwé tí eruku ti bò, àti kọ̀ǹpútà mẹ́fà tí olóore kan fi ta wá lọ́rẹ. Gbogbo kọ̀ǹpútà náà ló ń tàn. Íńtánẹ́ẹ̀tì ni kò sí.

Nígbà náà ni ìjọba kéde íńtánẹ́ẹ̀tì ẹ̀dínwó fún ilé-ìwé àti ilé-ìkàwé. Ọ̀gá kan dé fìlà gíga wá sí pápá ilé-ìwé kan ní Sùúrùlérè, ó ní ìyà àìsí íńtánẹ́ẹ̀tì ti dópin. Mo pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta mí. N kò mọ̀ pé fọ́ọ̀mù ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ojú ewé mẹ́tàlélógún ni fọ́ọ̀mù náà, orí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan la sì ti lè rí i gbà. Ẹ tún un gbọ́: ẹni tó ń wá íńtánẹ́ẹ̀tì, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni yóò ti lọ gba ìwé tí yóò fi tọrọ íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní ká mú ẹ̀rí wá láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì pé wọn kò tà á fún wa rí. Wọ́n ní ká fi ímeèlì ilé-ìkàwé fi ẹ̀rí náà ránṣẹ́, ká sì fi hàn pé ímeèlì náà ti ń ṣiṣẹ́ láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Wọ́n ní ká ya fọ́tò ilé náà láti iwájú, láti ẹ̀yìn àti láti òkè. Láti òkè kẹ̀! Àbí ẹyẹ ni wọ́n rò pé ó ń tọ́jú ilé-ìkàwé? Kánsù gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú, ṣùgbọ́n kánsù ní àwọn kò lè buwọ́ lu ohun tí ọ́fíìsì tó ni fọ́ọ̀mù kò tíì buwọ́ lù. Ọ́fíìsì tó ni fọ́ọ̀mù ní kánsù ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe é. Láàárín àwọn méjèèjì ni ìsàlẹ̀ bàtà mi ti jẹ tán.

Ká ní òmùgọ̀ ló kọ fọ́ọ̀mù yẹn, ǹ bá dárí jì í, nítorí mo ti kọ́ òmùgọ̀ púpọ̀, mo sì fẹ́ràn àwọn mìíràn nínú wọn. Ọ̀lẹ ló kọ ọ́. Ọ̀lẹ tó jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, tó ń wá bí iṣẹ́ tirẹ̀ yóò ṣe di wàhálà ẹlòmíràn.

Ìdí tí mo fi fara da ìrìn náà ni ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mọ́ríyámọ̀. Ìyá rẹ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ń ránṣọ ní òpópónà ilé-ìkàwé wa. Ọmọ náà gbọ́n ju àwọn olùkọ́ kan tí mo mọ̀ lọ. Ó ti ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì lẹ́ẹ̀kan, ó sì fìdí rẹmi, kì í ṣe pé kò mọ ìdáhùn, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìdánwò gan-an ni ìgbà àkọ́kọ́ tó máa fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà láyé rẹ̀. Aago parí kó tó dé ìdajì. Lọ́dọ̀ wa ni ọwọ́ rẹ̀ ti wá mọ kíbọ́ọ̀dù. Ohun tó kù ni ìdánrawò tí aago ń kà sẹ́yìn bí ti ìdánwò gan-an, orí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan ni èyí sì wà. Mo gbìyànjú láti fi dáta fóònù mi ṣe é fún un. Kọ̀ǹpútà náà gbé gbogbo rẹ̀ mì kó tó ṣí ojú ewé kan.

Ìyá rẹ̀ wá bá mi lọ́jọ́ kan, ó kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tún gbà fún un. Tí kò bá bọ́ sí i, kó wá jókòó sídìí ẹ̀rọ. Mi ò lágbára mọ́."

"Dìde," mo ní. "Íńtánẹ́ẹ̀tì yóò dé kí ìdánwò tó dé." Èmi ni mo fẹnu ara mi sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ́fíìsì wọn wà ní Yábàá, lápá Jíbówú. Ọkùnrin kan ló ń gba fọ́ọ̀mù níbẹ̀, kọ́là rẹ̀ funfun, ọpọlọ rẹ̀ náà funfun. Àwa olùkọ́ sọ ọ́ ní Kòpé, nítorí kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu. Ẹ gbọ́ bí èmi àti ẹ̀ ṣe sọ ọ́ nígbà kẹrin tí mo lọ:

"Mọ́mì, fọ́ọ̀mù yín ò pé."

"Kí ló tún kù?"

"Nọ́ńbà láìnì íńtánẹ́ẹ̀tì yín. Ẹ ò kọ nǹkan kan síbẹ̀."

"Ọ̀gbẹ́ni, ká ní mo ní láìnì, kí ni mo wá ṣe níbí?"

"Mọ́mì, ẹ má bá mi jà o. Kọ̀ǹpútà ò lè gbà á tí àyè kan bá ṣófo. Ẹ kọ èyí tí ẹ bá ní."

"A ò ní!"

"Kò burú. Ẹ lọ mú ẹ̀rí wá pé ẹ ò ní."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ti wo ẹ̀yìn mi, ó ti ń pe ẹni tó kàn.

A pèpàdé ẹgbẹ́. Gbogbo ilé-ìwé tó wà ní agbègbè wa ni Kòpé ti dá padà, ó sì ku ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n ti gbígba fọ́ọ̀mù pa. Ẹ̀gbọ́n Délé, tó jẹ́ alága wa, fẹ́ ká gbé páálí ká máa kọrin yí Yábàá ká. Mo ní rárá, wọ́n ti mọ orin wa, wọ́n á kàn ti fèrèsé. Mo bi wọ́n léèrè pé bí ọmọ bá kọ ìdọ̀tí sínú ìwé wá fún olùkọ́, kí ni olùkọ́ ń ṣe? Wọ́n ní a máa ń máàkì í. Mo ní ẹ jẹ́ ká lọ máàkì í fún wọn níbẹ̀.

"Ó dáa o, Ṣadé," Ẹ̀gbọ́n Délé sọ, "àmọ́ ká kọ́kọ́ ṣe fótókópì. Orí fótókópì ni ká ti máàkì."

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń máàkì fótókópì? Ìwé ọmọ gan-an là ń máàkì. Tó bá jẹ́ fótókópì, wọ́n á ní eré la wá ṣe."

Ilé pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹ rántí àtẹ́wọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ tí wọn yóò ti í pa, olùkọ́ mọ́kànlélógójì wọ ọ́fíìsì náà. A tò sórí bẹ́ǹṣì tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn tí kò ráyè jókòó sílẹ̀. Ẹnìkan ti gbé agogo ilé-ìwé rẹ̀ wá. Bí aago mẹ́jọ ṣe lù, ó lù ú, gbogbo wa sì yọ bíírò pupa. Kò sí ariwo, kò sí orin. Kálukú gbé fọ́ọ̀mù tirẹ̀ síwájú, èyí tó ti kọ̀dáhùn sí, tó ti gba sítáǹpù, tí Kòpé ti dá padà, ó sì ń máàkì ìbéèrè ìjọba.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbéèrè kejìlá, mo kọ ọ́ pé: "O ti béèrè èyí ní ìbéèrè kẹta. Fiyè sí iṣẹ́ rẹ." Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò láti òkè: "Kò bọ́gbọ́n mu." Nísàlẹ̀ ojú ewé tó gbẹ̀yìn: "Mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí pé o kọ ọjọ́ sí i dáadáa. Kí òbí rẹ wá rí mi."

Wọ́n ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá náà wọlé, ó wo ojú wa, ó wá dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀kan nínú wa tó kọ́ ọ ní ìṣirò. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, wọ́n ní kí n lé yín jáde." Ìyáàfin náà kò gbójú sókè. "Dúró síbẹ̀, mò ń máàkìwé lọ́wọ́." Ó dúró. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, àwọn oníròyìn ti dé, àwòrán fọ́ọ̀mù wa ti ń kiri orí fóònù, gbogbo Mushin ń fi ìjọba rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá àgbà wọn sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, òógùn ń bọ̀ lójú rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ tútù. Ó ṣèlérí níwájú àwọn oníròyìn pé wọn yóò gé fọ́ọ̀mù náà kù sí ojú ewé méjì. Ó ní tiwa tó wà nílẹ̀ yìí, ká kó o wá, wọn yóò gbà á lọ́jọ́ náà bó ṣe wà. A hó yèè. A tò síwájú Kòpé, a sì kó fọ́ọ̀mù fún un, èyí tó wà lọ́wọ́ wa, nítorí kò sí òmíràn. Nígbà tó kàn mí, ó yẹ tèmi wò ní ewé kọ̀ọ̀kan. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí eyín rẹ̀ nìyẹn.

"Mọ́mì, bíírò yín mà pupa o."

"Ó pupa," mo ní. Mo rò pé ó ti túúbá.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́tà dé. Gbólóhùn mẹ́ta ni. Lẹ́nu iṣẹ́ ọba, àwọn ọ̀gá aláṣẹ nìkan ló ń lo tàdáwà pupa. Fọ́ọ̀mù tí tàdáwà pupa bá ti kàn, èyí tí aláṣẹ ti wọ́gi lé ni wọ́n kà á sí. Ẹni tí wọ́n bá ti wọ́gi lé tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọ òmíràn àfi lọ́dún tó ń bọ̀. Ogójì ilé-ìwé àti ilé-ìkàwé kan! Àwọn tí kò bá wa lọ, tí wọ́n jókòó sílé títí wọ́n fi tún ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú fọ́ọ̀mù olójú ewé méjì, gba íńtánẹ́ẹ̀tì lóṣù náà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tó ń dùn mí jù ni pé mo mọ òfin yẹn. Òṣìṣẹ́ ọba ni bàbá mi títí ó fi fẹ̀yìn tì. Láti kékeré ló ti ń sọ fún wa pé a kò gbọ́dọ̀ fi pupa kọ nǹkan sínú fáìlì. Bíírò olùkọ́ ti wà lọ́wọ́ mi pẹ́ débi tí mo fi rò pé èmi ni aláṣẹ níbi gbogbo. Kòpé, tí mo pè ní aláìlọ́pọlọ, ló rántí ohun tí bàbá mi kọ́ mi. Mo ṣì ń fojú tín-ín-rín ìwà rẹ̀ títí di òní, nítorí ó rí i, ó sì dákẹ́, ó fẹyín gba ìwé lọ́wọ́ wa. Wọ́n ti gbé e ga sí ipò tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ta ni wọn ì bá tún gbé ga?

Mọ́ríyámọ̀ lọ ṣe ìdánwò láìṣe ìdánrawò. Àyè méjìlá ló kù tí kò dáhùn nígbà tí aago tì í jáde. Máàkì rẹ̀ fi díẹ̀ dín sí ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ìyá rẹ̀ kò wá bá mi jà. Ó kàn ń kí mi láti òkèèrè báyìí.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe jàre. Ẹnikẹ́ni tó bá gba íńtánẹ́ẹ̀tì ẹ̀dínwó lónìí, ojú ewé méjì ló kọ, àwa la sì jà á fún un. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n purọ́ fún yín pé àánú ìjọba ni. Àwọn àgbà ní ẹ̀bìtì tí kò bá pa eku, kó fi ẹyìn fún ẹlẹ́yìn. Ìjọba kò dá ọdún Mọ́ríyámọ̀ padà, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun gbà á. Èmi tí mo mọ̀ ńkọ́?

Íńtánẹ́ẹ̀tì wà nílé-ìkàwé wa báyìí. Lóṣù tó kọjá, mo ní kí ìyá Mọ́ríyámọ̀ rán kọ́tìnì fún wa, ọmọ náà, tó ti wà nídìí ẹ̀rọ báyìí, ló wá wọn fèrèsé. Ó wọn ọ̀kan, ó bojú wo àwọn kọ̀ǹpútà.

"Màmá, ó ti ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́."

Ó fi téèpù kọ́ ọrùn, ó jókòó, ó ṣí ìdánrawò náà, ó dáhùn gbogbo rẹ̀. Ìbéèrè parí, aago kò tíì parí. Ó wo máàkì tó jáde, ó dìde, ó lọ wọn fèrèsé kejì. Ó kọ̀yìn sí mi nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Mo gbọ́ pé ẹ máa ń sọ ìtàn bíírò pupa yẹn ní mítíìnì yín, táwọn èèyàn á sì máa rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ máa ń dárúkọ mi níbẹ̀?"

Ìdí tí mo fi sọ ọ́ tán fún yín lónìí nìyẹn.

Akọ̀wé, gbé ìwé ẹgbẹ́ wá, kí o kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣẹ́gun wa pé Mọ́ríyámọ̀ ló san án. Kọ ọ́ dáadáa. Kí o sì fi bíírò aláwọ̀ búlúù kọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ìdí tí yóò fi dá a padà.